Páànù Wo Ló Yẹ Kéèkì Ṣokoléètì Tó Ki? Ìfiwéra Páànù Irin àti Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀ fún Ilé Ìdáná Òṣogbo

Kéèkì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yàtọ̀ sí kéèkì ọjọ́ ìbí onípele mẹ́ta tí wọ́n máa ń fi ṣúgà funfun bò bí ògiri tuntun. Èyí tí mo ní lọ́kàn ni kéèkì ṣokoléètì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní búráúnì, tí ojú rẹ̀ máa ń sán bí èèpo ẹ̀pà bí ẹ bá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́, tí etí rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ rọ̀ tó sì ń fà mọ́ ṣíbí díẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa yan án nínú páànù irin wúwo, irú èyí tí wọ́n yọ́ irin dà sínú àwòṣe kí ó tó di páànù. Wọn á gbé e tòun ti páànù sórí tábìlì, wọn á bu áísìkiriìmù lé e, kálukú á sì na ṣíbí sí i. Fọ́nrán rẹ̀ ti pọ̀ lórí fóònù gbogbo wa, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ pé mo máa ń yan kéèkì ní Òṣogbo níbí fi ń bi mí bóyá kí àwọn náà lọ ra páànù irin.

N kì í dá wọn lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbéèrè ni mo máa ń fi ṣe ìdáhùn: irú iná wo lẹ ní nílé? Ẹni tó ní ófúnù gáàsì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tó ń dáná èédú lẹ́yìnkùlé, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ojú iná kan ṣoṣo nínú yàrá, páànù kan náà kò lè bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Iná tó wà nílé ló yẹ kó yàn páànù fún yín, bó ti wù kí fọ́nrán inú fóònù náà dára tó.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Nǹkan márùn-ún ni mo fi ń wọn páànù. Èkíní ni iná, tí mo ti mẹ́nu bà. Èkejì ni ohun tí páànù ń ṣe fún etí àti àárín kéèkì, nítorí pé adùn kéèkì yìí wà nínú kí etí rẹ̀ le kí àárín rẹ̀ sì rọ̀. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá rí bákan náà, ó ti di búrẹ́dì aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀kẹta ni owó, èyí tí ẹ san lọ́jà àti iye ọdún tí ẹ óò fi lo ohun tí ẹ sanwó lé. Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́jú, pàápàá ní àkókò òjò, nígbà tí gbogbo ohun tó bá jẹ́ irin nínú ilé máa ń wá ọ̀nà láti dógùn-ún. Ẹ̀karùn-ún ni ẹni tó máa jẹ ẹ́, bóyá ìdílé tó jókòó yí tábìlì ká ni tàbí oníbàárà tó fẹ́ kí ẹ fi bébà wé e fún òun.

Kí ìfiwéra náà lè tọ́, àpòpọ̀ kan náà ni mo lò nínú gbogbo páànù. Mo yọ́ bọ́tà 170 gíráàmù pọ̀ mọ́ ṣokoléètì dúdú 170 gíráàmù lórí omi gbígbóná, mo po ṣúgà 250 gíráàmù àti ẹyin 3 mọ́ ọn, kí n tó wá da fúláwà 100 gíráàmù, lẹ́búlẹ́bú kòkó 40 gíráàmù àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì lé e. N kò fi béékin páódà sí i rárá, nítorí pé kéèkì yìí kò gbọ́dọ̀ wú. Ìgbóná ófúnù jẹ́ 175°C. Lẹ́búlẹ́bú kòkó gidi ni mo ń wí o, èyí tó yàtọ̀ pátápátá sí tíì kòkó inú agolo tí àwọn ọmọ ń mu láàárọ̀. Ìyẹn ti ní ṣúgà àti mílíìkì nínú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì jóná kí àárín tó jinná. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ó rọrùn láti rí tíì kòkó ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ju kòkó gidi lọ. Ṣokoléètì fúnra rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀, nítorí pé ọ̀rá kòkó máa ń yọ́ ní nǹkan bí 34°C, oòrùn oṣù Kẹta sì lè sọ ọ́ di ẹrọ̀fọ̀ nínú báàgì kí ẹ tó ti Ọláìyá délé.

Páànù irin

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi agbada alákàrà. Ẹ wo agbada ìyá tó ti ń dín àkàrà fún ọdún mẹ́wàá: inú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, àkàrà kì í lẹ̀ mọ́ ọn, ìyá náà kì í sì í fi yanrìn bó o bí ẹni ń bó ìkòkò àmàlà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí agbada yẹn náà ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí páànù irin. Bí òróró fẹ́lẹ́ bá gbóná gidigidi lára irin, ó máa ń kúrò ní òróró, á di awọ líle kan tó lẹ̀ pinpin mọ́ irin náà. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí kéèkì lẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi tètè dé ara irin. Ẹni tó bá ra páànù irin tí kò ṣe tán láti máa tọ́jú awọ yìí, irin lásán ló gbé wálé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Ẹ fọ páànù, ẹ gbé e ka iná títí á fi gbẹ, ẹ fi òróró tín-ín-rín pa á tinú tẹ̀yìn, kí ẹ sì wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún bí ẹni pé ẹ̀yin fúnra yín ò fẹ́ kí òróró kankan kù níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í ṣe, nítorí pé bí òróró bá pọ̀ jù, ṣe ni páànù máa ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí oje igi. Ẹ dojú rẹ̀ dé sínú ófúnù ní nǹkan bí 220°C fún wákàtí kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù síbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó fi yan kéèkì àkọ́kọ́.

Ní ti iná, ìwà páànù irin dà bí ti àgbàlagbà tí kì í tètè bínú, tí kì í sì í tètè gbàgbé. Ooru máa ń rìn nínú alumíníọ́ọ̀mù ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin bó ṣe ń rìn nínú irin yìí, nítorí náà bí ẹ bá gbé páànù irin ka orí ojú gáàsì kékeré, àárín rẹ̀ á ti máa rú èéfín nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́rọ́wọ́. Inú ófúnù tí iná ti yí i ká ló ti ń dára. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná tán, ooru náà kì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀, torí pé ó wúwo: páànù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 25 sẹ̀ǹtímítà lè wọ̀n ju kìlógíráàmù 2 lọ kí ẹ tó da ohunkóhun sí i.

Mo rí àǹfààní ìyẹn kedere ní ọjọ́ kan tí gáàsì tán mọ́ mi lọ́wọ́. Kéèkì ti wà nínú ófúnù fún bí ìṣẹ́jú 18 nígbà tí mo gbọ́ tí iná ìsàlẹ̀ ṣe fìì, tó kú. Ọjọ́ Àìkú ni, ẹni tó ń ta gáàsì ládùúgbò wa kò tíì ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. N kò fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ófúnù. Ṣe ni mo jókòó tì í. Nígbà tí mo yọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, àárín rẹ̀ ti dì, etí rẹ̀ ti le, omi tó sì kán láti ọwọ́ mi sí etí páànù náà ṣe ṣìì, ó gbẹ. Ká ní páànù fẹ́lẹ́ ni mo lò lọ́jọ́ náà, adìẹ ni ì bá jẹ kéèkì ọ̀hún.

Ooru tó gbà mí lọ́jọ́ náà lè ba kéèkì ẹlòmíràn jẹ́, nítorí pé kéèkì kì í dáwọ́ jíjinná dúró nígbà tí ẹ bá gbé páànù irin kúrò nínú ófúnù. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nígbà tí àárín ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, tí igi ìtayín tí ẹ tì bọ̀ ọ́ sì jáde pẹ̀lú èérún tútù lára. Ní ófúnù tèmi, ìyẹn máa ń bọ́ sí ìṣẹ́jú 25 sí 28. Bí ẹ bá dúró títí igi ìtayín fi jáde ní mímọ́, kéèkì náà á ti gbẹ kí ó tó dé orí tábìlì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, nítorí pé ṣokoléètì tó ti inú irin gbígbóná jáde máa ń bó ahọ́n.

Ní ti etí, n kò tíì rí páànù tó bá a dọ́gba. Mo máa ń fi páànù náà sínú ófúnù fún ìṣẹ́jú 10 kí n tó fi bọ́tà pa á, kí n sì da àpòpọ̀ sí i. Ẹ óò gbọ́ ohùn rẹ̀ bó bá ṣe ń kan etí páànù, bí ìgbà tí wọ́n da ẹyin sínú òróró. Etí tó ti dì láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ló máa ń di apá tí àwọn ọmọ máa ń jà sí.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní páànù yìí, ohun gbogbo ni mo ń fi dín: dòdò, ẹyin, ẹja. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kí wa, mo yan kéèkì ṣokoléètì sínú rẹ̀. Ọkùnrin náà jẹ ṣíbí àkọ́kọ́, ó dákẹ́, ó tún jẹ èkejì, ó wá fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ó dùn gan-an o. Ṣé ẹ fi edé díẹ̀ sí i ni?” Awọ òróró tí mo ń yìn lẹ́ẹ̀kan náà ló gba òórùn ẹja mọ́ra. Láti ọjọ́ náà, páànù irin méjì ló wà nílé wa, ẹja kò sì mọ ojú ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká méjì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹja àti ata wọ inú èyí tó fẹ́ máa fi yan nǹkan dídùn.

Ìdìmú rẹ̀ jẹ́ irin bíi ti ara rẹ̀, nítorí náà ó máa ń gbóná bákan náà. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nínípọn dì í mú. Aṣọ tútù máa ń gbé ooru lọ sọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ẹ fi aṣọ náà sílẹ̀ lórí ìdìmú kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè mọ̀ pé ó gbóná, torí pé irin gbígbóná àti irin tútù kì í yàtọ̀ lójú. Àpá tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì mi ló ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti fífọ̀, omi gbígbóná àti kàn-ìn-kàn-ìn ti tó. Ọṣẹ díẹ̀ kò lè pa á, àmọ́ kí ẹ má rì í sómi mọ́jú. Kí ẹ má da omi tútù sí i nígbà tó ṣì gbóná, nítorí pé irin tí wọ́n dà sínú àwòṣe máa ń sán. Kí ẹ má sì fi kéèkì sílẹ̀ nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí pé ọ̀rinrin kéèkì á máa jẹ awọ yẹn díẹ̀díẹ̀, àjẹkù náà á sì ní adùn irin. Ní àkókò òjò, mo máa ń gbé e ka iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn fífọ̀, mo máa ń fi òróró pa á, mo sì máa ń tẹ́ bébà sínú rẹ̀ kí n tó gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ó bá ti dógùn-ún, kò tíì bàjẹ́. Ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn onírin ha á, kí ẹ sì tún fi òróró sun ún bí ti tẹ́lẹ̀.

Owó rẹ̀ ni ó máa ń lé èèyàn sá. Tuntun rẹ̀ wọ́n, nítorí pé láti òkèèrè ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ máa ń wà láàárín ẹrù tòkunbọ̀, ẹni tó bá sì ní sùúrù lè rí i rà ní owó tó mọ níwọ̀n. Ẹ mú òòfà dání, kódà èyí tí ẹ tú lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ páànù náà, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n kùn ní dúdú ni. Ẹ gbé e sórí pákó tó tẹ́jú kí ẹ wò ó bóyá ó ń mì. Ẹ fi oríkèé ìka kàn án: èyí tó pé máa ń dún bí agogo, èyí tó ti sán níbì kan máa ń dún gbì. Ìpẹtà ò tó ohun tí ẹ ó torí rẹ̀ fi í sílẹ̀, ẹ tilẹ̀ lè fi í já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù àwọn adàkòkò wa

Ẹni kan bi mí pé kí ló dé tí àwọn tó ń da ìkòkò nílẹ̀ wa kì í da páànù irin. Iná ni ìdáhùn ìyẹn náà. Alumíníọ́ọ̀mù máa ń yọ́ ní 660°C, èédú àti ẹwìrì sì lè débẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń ṣe páànù yìí kò ní yọ́ àfi bí ìgbóná bá tó nǹkan bí 1150°C sókè, ìyẹn sì ju agbára iná ẹ̀yìnkùlé lọ. Nítorí náà, àjákù alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n ń yọ́ dà sínú àwòṣe oníyanrìn, ohun tó sì ń jáde níbẹ̀ ni ìkòkò nínípọn tí gbogbo wa mọ̀, tó fúyẹ́ ju irin lọ dáadáa, tí owó rẹ̀ sì kéré sí ti páànù irin tuntun.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà lò ó. Ọ̀nà kìíní ni kí ìkòkò náà fúnra rẹ̀ di ófúnù, èyí tó sì dára jù fún ẹni tí kò ní ófúnù nìyí. Ẹ wá ìkòkò ńlá, ẹ da yanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ gbé agolo tí ẹ ti gé kúrú lé yanrìn, ẹ dé ọmọrí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 lórí èédú tó ti pọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páànù kéèkì lé agolo náà, ẹ dá ọmọrí padà, kí ẹ sì to èédú díẹ̀ sórí ọmọrí kí iná lè ti òkè wá pẹ̀lú. Kéèkì náà á gbà tó ìṣẹ́jú 40 sí 50. Ẹ má ṣe máa ṣí i wò lóòrèkóòrè. Àléébù rẹ̀ ni pé ooru omi kò rí ọ̀nà jáde, etí kéèkì kì í fi bẹ́ẹ̀ le, ojú rẹ̀ kì í sì í sán bíi ti ófúnù. Àárín rẹ̀, ní tòótọ́, dára gan-an. Kí ẹ má sì rò pé ẹ lè gbé páànù irin 25 sẹ̀ǹtímítà sínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Ìdìmú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọrí dé.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ da àpòpọ̀ sínú ìkòkò náà tààrà. Ó ṣeé ṣe, ooru sì máa ń tàn ká inú rẹ̀ dọ́gba ju inú irin lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú gbogbo àjákù tí wọ́n yọ́ pọ̀. Àwọn olùwádìí tó yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Cameroon rí i pé òjé lè yọ láti ara wọn wọ inú oúnjẹ, òjé kò sì dára fún ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ọmọdé. Oúnjẹ tó kan bí ọbẹ̀ tòmátò ni ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ jù fún, kéèkì kò sì kan tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ èmi máa ń tẹ́ bébà kéèkì sínú rẹ̀. Lójú tèmi, kí ìkòkò yìí máa ṣe ófúnù, kí nǹkan mìíràn máa ṣe páànù.

Páànù kéèkì fẹ́lẹ́

Òun ló pọ̀ jù nínú ọjà, òun náà ló sì rọrùn jù láti rà. Ẹ lè rí i ní Ọjà Ọba ní onírúurú ìwọ̀n, owó páànù irin tuntun kan sì lè ra bíi márùn-ún nínú rẹ̀. Ó máa ń tètè gbóná, ó sì máa ń tètè tutù, ìyẹn ni pé bí ẹ bá ti yọ ọ́ nínú ófúnù, kéèkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ jíjinná dúró, ẹ kò sì ní máa méfò. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á gbádùn ìyẹn.

Fún ẹni tó fẹ́ máa tà, n kò rò pé ó yẹ kí a tún máa ṣe àríyànjiyàn. Páànù onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà máa ń gba àpòpọ̀ mi tán, ẹ sì lè gé e sí ègé 16 tó dọ́gba, tí oníbàárà kankan kò ní sọ pé ti ẹnìkejì tóbi ju tòun lọ. Ẹ gbìyànjú irú rẹ̀ pẹ̀lú páànù róbótó, ẹ óò rí ìjà. Ẹ tẹ́ bébà sínú rẹ̀ kí bébà náà ga yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjì, kí ẹ lè fà á sókè lódindi nígbà tó bá tutù. Páànù mẹ́rin lè wọ ófúnù ńlá kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì wọnú ara wọn nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó wọn pamọ́.

Ibi tó ti máa ń jáni kulẹ̀ ni orí èédú. Ibi tí iná bá ti pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀ ni á ti jóná, ẹ óò sì rí àpá rẹ̀ dúdú lábẹ́ kéèkì bí àwòrán ilẹ̀. Bí ófúnù yín náà bá máa ń jó nǹkan láti ìsàlẹ̀, ẹ to páànù méjì wọ inú ara wọn. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn á dín ooru náà kù. Etí kéèkì inú rẹ̀ máa ń le díẹ̀, kì í dé ti irin. Ní ti ọjọ́ orí, ó máa ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ láàárín ọdún díẹ̀, àmọ́ kò dun èèyàn púpọ̀.

Páànù tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́, àti àwo gíláàsì

Méjèèjì yìí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Páànù tí wọ́n fi nǹkan dídán bò kí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn dára fún ẹyin. Fún kéèkì yìí, ẹ kọ́kọ́ wo ìdìmú rẹ̀, nítorí pé ìdìmú oníke á yọ́ nínú ófúnù. Ohun tí wọ́n fi bo inú rẹ̀ kì í fẹ́ kí ìgbóná kọjá 260°C, orí èédú sì lè kọjá ìyẹn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé kéèkì nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀bẹ ti ha á, owó ti sọ nù.

Àwo gíláàsì tó lè wọ ófúnù máa ń jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀gbẹ́ kéèkì bó ṣe ń jinná, kì í dógùn-ún, kì í sì í gba òórùn ẹja. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì máa ń mú ooru dání lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹ dín ìgbóná ófúnù kù sí nǹkan bí 160°C kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Kí ẹ má gbé e jáde látinú fíríìjì wọ ófúnù gbígbóná, kí ẹ má sì gbé e ti inú ófúnù sórí sìmẹ́ǹtì tó tutù. Orí èédú kọ́ ni ibi rẹ̀ rárá.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ẹ bá ní ófúnù gáàsì, tí ẹ sì fẹ́ràn láti gbé kéèkì gbígbóná sáàárín ìdílé, tí fífi òróró pa irin lẹ́yìn fífọ̀ kò sì ní sú yín, ẹ ra páànù irin. Owó tí ẹ ná lónìí, ọmọ yín ló máa jẹ èrè rẹ̀. Ẹni tó ń tà ní Ọláìyá tàbí nítòsí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò nílò rẹ̀. Kó ra páànù fẹ́lẹ́ mẹ́rin tó jẹ́ onígun mẹ́rin, kó sì fi owó tó kù ra ṣokoléètì tó dára. Akẹ́kọ̀ọ́ olójú iná kan àti ẹni tó ń dáná èédú, ìkòkò oníyanrìn pẹ̀lú páànù fẹ́lẹ́ méjì tó wọnú ara wọn ni kí wọ́n dì mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára mọ́, tàbí tí oríkèé ń dùn, kó má ra páànù irin ńlá: páànù tó ju kìlógíráàmù 2 lọ, pẹ̀lú àpòpọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù kan nínú rẹ̀, kò ṣeé fi ọwọ́ kan fà jáde nínú ófúnù. Gíláàsì ni kó lò, tàbí páànù irin kékeré.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwọ̀n fún àwọn tó ti pinnu láti ra irin. Páànù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà á gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àpòpọ̀ tí mo júwe, ìyẹn sì tó èèyàn mẹ́rin. Nínú ọ̀ràn yìí, ẹyin 2 ni kí ẹ lò. Èyí tó jẹ́ 25 sẹ̀ǹtímítà ló gba odindi, ṣùgbọ́n láti etí kan dé ìparí ìdìmú rẹ̀ máa ń tó 40 sẹ̀ǹtímítà, púpọ̀ nínú àwọn ófúnù kéékèèké tí a ń gbé ka orí tábìlì kò sì ní jẹ́ kí ìlẹ̀kùn pa dé. Ẹ fi okùn wọn inú ófúnù yín láti igun dé igun, ẹ ta kókó sí i níbi tó parí sí, kí ẹ sì mú okùn náà dání lọ sọ́jà.